Ìkúnlẹ̀ Tí Wọ́n Gbé Lọ sí Kóòtù Ìkẹjà

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ nígbà tí mo wọkọ̀ ní Ìbàdàn. Àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba sílẹ̀ ni, gbogbo ènìyàn sì ń dán òmìnira náà wò. Awakọ̀ béèrè ohun tí mò ń wá lọ sí Èkó.

"Ẹjọ́ kan ní Ìkẹjà ni mo fẹ́ kọ sínú ìwé ìròyìn wa. Wọ́n mú àwọn obìnrin kan torí pé wọ́n kúnlẹ̀."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Bọ̀dá oníwèé ìròyìn, tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀wọ̀n gbére ni ìyàwó tèmi máa ṣe!"

Mo sọ̀ ní Àgége, mo ra búrẹ́dì gbígbóná àti ẹ̀wà aganyin, ẹ̀wà rírọ̀ tí wọ́n ń bu ata díndín dúdú lé. Búrẹ́dì Ìbàdàn máa ń fúyẹ́. Èyí wúwo lọ́wọ́ bí ẹ̀kọ. Láti ibẹ̀ dé Ìkẹjà, èéfín ilé iṣẹ́ ń rùn bí ṣúgà tó jó.

Iwájú kóòtù ni mo ti bá Ìyá Ṣadé, opó ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń di bisikíìtì sí páálí nílé iṣẹ́ kan. Òun ló ṣáájú àwọn tí wọ́n mú. Wọ́n ní ó hu ìwà tó lè da àlàáfíà ìlú rú. Bí wọ́n bá dá a lẹ́bi, ẹ̀wọ̀n ni, iṣẹ́ á sì bọ́.

"Kí lẹ ṣe gan-an, Màmá?"

"Ìta ni wọ́n ń gbà ti géètì mọ́ àwa oníṣẹ́ alẹ́. Bí iná bá sọ ńkọ́? A bẹ ọ̀gá títí pé kó jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ wà nínú lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí kò dáhùn, a kúnlẹ̀ sẹ́nu géètì. Ó ní ká dìde. Ṣé ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ á dìde láìgbọ́ èsì ni?"

Nígbà tí a wọ inú kóòtù, ọlọ́pàá tó mú wọn ló kọ́kọ́ jẹ́rìí. Adájọ́, obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ ò ròkè, bi í pé:

"Wọ́n ju òkò?"

"Rárá, mà."

"Wọ́n bú ènìyàn?"

"Rárá, mà. Orin ni wọ́n ń kọ."

"Kí wá ni rúkèrúdò ibẹ̀?"

"Wọn ò dìde, mà. Ọ̀gá wọn sì ń bínú."

Àwọn èrò kóòtù bú sẹ́rìn-ín. Adájọ́ ò rẹ́rìn-ín. "Ìbínú ọ̀gá kọ́ ni òfin ń pè ní dída ìlú rú." Ó yíjú sí Ìyá Ṣadé. "Ẹ dínà mọ́ ọkọ̀ ẹrù?"

"Díẹ̀, mà."

"Ìyẹn ò dáa. Ẹ lè bẹ̀, ẹ lè kọrin, àmọ́ ẹ jẹ́ kí ọ̀nà là." Ó dá wọn sílẹ̀.

Mo ní kí n sin Ìyá Ṣadé délé.

"Ilé kẹ̀? Ta ló ti dá wa lóhùn?"

Mo tẹ̀ lé wọn dé ilé iṣẹ́. Ẹ̀gbẹ́ gọ́tà ni wọ́n kúnlẹ̀ sí lọ́tẹ̀ yìí, ọkọ̀ ẹrù ń kọjá geerege. Ọ̀gá ránṣẹ́ pe ọlọ́pàá. Ẹni àárọ̀ náà ló dé. Ó wo ọ̀nà, ó wo gọ́tà, ó fọwọ́ lẹ́rán.

"Ẹ dìde!" ni ọ̀gá wí.

Kò sẹ́ni tó mira.

"Ọ̀gá," ni ọlọ́pàá wí, "ọ̀nà là o."

Ọ̀gá wọlé. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ géètì tó jáde. Ó tú agádágodo kúrò níta, ó gbé e sínú, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ìṣó níbi tí ọwọ́ gbogbo wọn lè tó. Ìgbà yẹn ni Ìyá Ṣadé tó dìde, tó gbọn eruku orúnkún rẹ̀.

Oòrùn ò tíì wọ̀ tán nígbà tí mo délé. Bí mo ṣe ń ròyìn fún ìyàwó mi, mo rántí géètì tiwa tí èmi nìkan máa ń tì lálẹ́. Mo fa kọ́kọ́rọ́ yọ lábẹ́ ìrọ̀rí mi, mo kan ìṣó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, mo fi kọ́ ọ níbi tí ọwọ́ àbíkẹ́yìn wa tó.

Ìyàwó mi wo ìṣó, ó wò mí.

"Àwa ò mà tíì kúnlẹ̀ o," ló wí.