Orúkọ Olóyè Lẹ́yìn Ìwé

Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ìpínlẹ̀ Kogi sílẹ̀, gbogbo ará Kábà ló ń retí nǹkan. Àwa tí à ń ṣiṣẹ́ nílé ìkàwé ń retí jẹnẹrétọ̀. Olóyè kan, ọmọ ìlú wa tí nǹkan ṣẹnuure fún ní Kàdúná, ti fún wa ní ìwé àti kọ̀ǹpútà pẹ̀lú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀. Ó ní bí òun bá wá wo iṣẹ́ wa, tí inú òun sì dùn, jẹnẹrétọ̀ ń bọ̀. Láìsí i, aṣọ ni à ń fi bo kọ̀ǹpútà, nítorí iná ìjọba a máa wá bí àlejò tí kò fẹ́ jókòó.

Èmi ni mò ń tẹ lébẹ̀lì tí à ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìwé, ibi tó ń kọjú síta lórí pẹpẹ. Kò fẹ̀ ju ìka méjì lọ. Nọ́ńbà ló yẹ kó wà lórí rẹ̀, kí ẹni tó ń wá ìwé lè rí i. Ọ̀gá mi ní ká fi orúkọ Olóyè sí i. Mo fi sí i, kékeré, lábẹ́ nọ́ńbà. Ó bi mí bóyá èmi àti Olóyè ní ìjà. Nílé wa, a kì í dárúkọ àgbà ní ìhòhò: oyè ló ń ṣíwájú, a kì í sì í gé e kúrú. Mo to oyè ìlú, oyè ṣọ́ọ̀ṣì àti ti ẹnjiníà. Ọ̀gá tún ní kí lẹ́tà náà tóbi, torí ojú Olóyè ti ń ṣe bàìbàì.

Lébẹ̀lì méjì la wá ń lò fún ìwé kan, wọ́n sì bo àkọlé ìwé pátápátá. Mo sọ fún ọ̀gá pé kò sáyè fún nọ́ńbà mọ́. Ó ní kí n dín in kù. Mo dín in kù títí ó fi dà bí imí eṣinṣin. Inú bí mi gan-an, àmọ́ mo tẹ̀ ẹ́, mo sì lẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ tí Olóyè dé, ọkọ̀ akẹ́rù kan tẹ̀ lé e, jẹnẹrétọ̀ wà nínú rẹ̀. Ọ̀gá mi dọ̀bálẹ̀, ó fi ìkíni ilẹ̀ wa pọ̀ mọ́ ti Hausa: okun o, ránkà dédé, okun o. Olóyè wo pẹpẹ ìwé látòkè délẹ̀, ó rí ara rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ó sọ fún àwọn àlejò rẹ̀ pé owó kọfí bàbá òun ló rán òun nílé-ìwé, ìwé kan nípa kọfí sì wà nínú àwọn tí òun kó wá. Ó ní kí n mú un wá.

Mo wá a. Ọ̀gá náà wá a. À ń fa ìwé yọ lọ́kọ̀ọ̀kan: ìṣirò, òfin, ìṣirò mìíràn. Àwọn àlejò ń wo aago. Olóyè fúnra rẹ̀ dìde wá síwájú pẹpẹ.

“Orúkọ mi ni mo rí níbi gbogbo,” ó wí. “Ìwé ńkọ́?”

Ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, akẹ́rù sì yí padà tẹ̀ lé e pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ wa. Ó dùn mí dé egungun.

Lọ́jọ́ kejì mo mú báírò, mo kọ nọ́ńbà gàdàgbà sórí bébà, mo sì fẹ́ lẹ̀ ẹ́ lé lébẹ̀lì. Ọ̀gá mi di ọwọ́ mi mú. Ó ní kí n rọra, kí n má bo orúkọ, torí Olóyè ṣì lè padà wá.