Kòkó Tí Kò Gbẹ Nínú Kọ̀ǹpútà

Ọjọ́ Ajé ni ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ ìwádìí mi ní yunifásítì fẹ́ rí àwòrán ìṣirò mi. Bí n kò bá gbé e dé, ó di sẹ́ṣàn mìíràn kí n tó gboyè, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tíṣà tí mò ń ṣe ní Ìkirè ti sú mi.

Mò ń ṣírò bí omi ṣe ń dín kù nínú kòkó tí a sá sóòrùn. Bàbá mi ló ni kòkó, iwájú ilé wa ní Àpòmù ni wọ́n ń sá a sí. Mo kọ ìṣirò náà sínú sọ́fítíwíà, mo fi x ṣe iye ọjọ́. Mo bi í ní ti ọjọ́ kìíní, ó dáhùn. Mo bi í ní ti ọjọ́ kẹwàá, ìdáhùn kan náà. Mo ní kó yàwòrán, ìlà kan ṣoṣo sùn gbalaja. Mo pa á rẹ́, mo tún un kọ, ó tún sùn. Inú bí mi débi pé n kò lè jẹun.

Ohun tó wá ń dùn mí ni pé mo gba kọ̀ǹpútà gbọ́. Mo kọ ojú ìwé mẹ́ta ṣàlàyé ìdí tí omi náà kò fi dín kù, mo sì fi ṣọwọ́ sí ọ̀gá mi.

Bàbá yọjú wo ìlà náà lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n bu kòkó sọ́wọ́, wọ́n gbọ̀n ọ́n sí mi létí, ó ń dún wòròwòrò.

“Kòkó wo lò ń sá sínú kọ̀ǹpútà yẹn tí kì í gbẹ? Àfi tó bá jẹ́ ọjọ́ kan náà lò ń wò ṣáá.”

Mo ṣí ohun tí mo kọ wò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ti sọ fún kọ̀ǹpútà pé x jẹ́ mẹ́ta, mo fẹ́ fi dán nǹkan wò ni. Nítorí iná tí kì í dúró, n kì í pa kọ̀ǹpútà mi, títan rẹ̀ ń jẹ bátìrì. Mo kàn ń pa á dé ni. Mẹ́ta ṣì wà níbẹ̀. Àmì ìdọ́gba lásán ni mo sì lò, èyí tó ń ṣírò lójú ẹsẹ̀: ó fi mẹ́ta sí ipò x, ó parí. Ká ní mo fi kólọ́ọ̀nù, àmì olójú méjì yẹn, ṣáájú rẹ̀ ni, ìbá dúró dìgbà tí mo bá sọ ọjọ́ tí mo fẹ́. Àfọwọ́fà gbáà.

Mo tún un ṣe, ìlà náà sì wálẹ̀ wẹ́rẹ́. Mo ṣì ń wò ó nígbà tí èsì ọ̀gá mi wọlé: “Àlàyé rẹ múná dóko. Mú àwòrán tó bá a mu wá lọ́jọ́ Ajé.”