Ọjọ́ tí Màmá Dá Fídíò Lóhùn

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tójú mi rí nílé wa ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, nígbà tí fídíò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ilé olúkúlùkù. Títí dòní, ara mi ṣì máa ń bù máṣọ tí mo bá rántí.

Àbúrò mi, Ganíyù, lọ sí Mẹ́kà, ibẹ̀ ló kú sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì sin ín sí. Màmá wa ò rí òkú, wọn ò rí sàréè. Wọ́n ní irọ́ ni, pé ọmọ àwọn ń bọ̀. Wọn ò sunkún, wọn ò sì jẹ́ ká ṣe àdúà fìdáù fún un. Ta ló tó bẹ́ẹ̀ láti pe ààfáà wọlé?

Sùlè, ọ̀rẹ́ Ganíyù tó ń ya fídíò ní Apọ́ngbọ̀n, wá sọ pé kásẹ́ẹ̀tì ọjọ́ tí a ṣàdúà ìrìn àjò fún un wà lọ́wọ́ òun. Bùọ̀dá mi àgbà ní kó gbé e wá kí Màmá wò ó. Wọ́n ní ṣebí Màmá ti wo sinimá rí, tí wọ́n ń sọ pé àwọn èèyàn inú rẹ̀ dà bí ẹni téèyàn rí lójú àlá, pé ti fídíò náà ò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Sùlè kìlọ̀ fún wa o! Ó ní ti sinimá, àwòrán mẹ́rìnlélógún ló ń kọjá ní sẹ́kọ́ọ̀ńdì kan, pé ti fídíò ju ìlọ́po méjì ẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí ìrìn ẹni inú rẹ̀ fi máa ń lọ geere bí ẹni tó dúró níwájú wa. Bùọ̀dá ní ìyẹn ò le.

Lẹ́yìn tí a kírun Àsárì, a tan fídíò. Ganíyù yọ. Háà! Bó ṣe ń ju apá, bí agbádá ẹ̀ ṣe ń fẹ́ lẹ́lẹ́, àfi bíi pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni. Ó kọjú sí kámẹ́rà, ó ní, "Àsàlámù àléékúmù."

"Wa àléékúmù sàlámù, Ganíyù," Màmá dáhùn. Wọ́n fa ìborùn bo orí, wọ́n sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n. "Ìgbà wo lò ń bọ̀?"

Ganíyù rẹ́rìn-ín sí ẹlòmíràn nínú fídíò, ó ń bá ọ̀rọ̀ tiẹ̀ lọ. Màmá tún pè é. Wọ́n dúró, wọ́n ń retí èsì.

"Ọmọ mi kì í gbóhùn mi kó dákẹ́," ni wọ́n wí jẹ́jẹ́. "Ganíyù ti lọ." Ibẹ̀ ni wọ́n ti bú sẹ́kún, ìgbà àkọ́kọ́ látọjọ́ tí ìròyìn ti dé. Nígbà tí wọ́n nujú tán, wọ́n ní kí a lọ pe ààfáà wá.

Ẹ ò rí nǹkan! Ohun tí gbogbo ẹ̀bẹ̀ wa ò lè ṣe, àwòrán tó ń sáré tẹ̀ lé ara wọn ló ṣe é. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé ká má fi agbára mú ọlọ́fọ̀ gbà; ojú ara ẹ̀ ló máa sọ fún un. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta lẹ ti rí nínú fídíò rí, tó ń ṣe yín bíi kẹ́ ẹ dá a lóhùn?