Ohùn Tó Ń Pe Ìyá Mi Nínú Fíìmù

Fíìmù kan wà nílé wa ní Agbowó tí bàbá mi rà ní Dùgbẹ̀, sídì tí ojú rẹ̀ ti ha débi pé àwòrán máa ń dúró jẹ́ẹ́ níbì kan kó tó tún máa lọ. Fíìmù àtijọ́ ni, dúdú àti funfun. Àwọn ẹ̀dá kan sọ̀ kalẹ̀ láti ojú sánmà wá sí ìlú àwọn òyìnbó. A kì í rí wọn, ohùn ni wọ́n ń gbé wọ̀. Wọ́n á dúró sẹ́yìn ilé, wọ́n á fi ohùn ẹni tí o fẹ́ràn jù pè ọ́. Bí o bá dáhùn, o ti di tiwọn nìyẹn.

Fíìmù yìí kì í ba ìyá mi lẹ́rù, inú ló máa ń bí wọn. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni wọ́n. Wọ́n á ti ìsìn dé lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi, sùtánà ṣì wà lọ́rùn wọn, wọ́n á jókòó ti bàbá mi, wọ́n á sì máa bá obìnrin inú fíìmù tó dá ohùn náà lóhùn wí. Wọ́n á ní ṣé wọn ò kọ́ ọ nílé ni? Ta ni kò mọ̀ pé bí èèyàn bá gbọ́ ìpè, tí kò rí ẹni tó ń pè é, kì í dáhùn? Bí wọ́n ṣe tọ́ àwa náà nìyẹn. Ẹni tó bá ń pè ọ́ gbọ́dọ̀ wá síbi tí o ti lè rí i.

Bàbá mi ló sọ ọ́ dẹ̀fẹ̀. "Dálìn" ni ọkọ obìnrin inú fíìmù máa ń pè é. Nígbà tí ìyá mi bá wà nídìí iná, bàbá mi á yọ́ lọ sẹ́yìn fèrèsé, wọ́n á fi ohùn imú pe ìyá mi, "Dálìn." Ìyá mi á máa ro ọbẹ̀ wọn lọ bí ẹni tí kò létí. Àfi ìgbà tí bàbá mi bá yọjú lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n á tó kí wọn pé ẹ káàbọ̀, ẹ̀dá òkè. Ohun tí mo mọ̀ nípa ìfẹ́, nídìí ẹ̀fẹ̀ yẹn ni mo ti kọ́ ọ.

Nígbà tí bàbá mi papòdà, ìyá mi kọjú sí ògiri. Ẹ̀kọ tí mo bá gbé fún wọn láàárọ̀, bó ṣe wà ni mo máa ń gbé e padà lọ́sàn-án. Àwọn ìyá ìjọ wá gbàdúrà, wọ́n sì pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé kí n máa ṣọ́ ìyá mi dáadáa, torí àwọn tọkọtaya kan wà tí wọn kì í jẹ́ kí ara wọn dá rìn. Ọ̀rọ̀ náà bí mi nínú, torí mo mọ̀ pé ó lè jẹ́ òótọ́. Mo kó aṣọ mi kúrò ní Bódìjà tí mò ń gbé, mo wá ń sùn lọ́dọ̀ wọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ìyá mi ní kí n fi fíìmù náà sí i. Mi ò fẹ́, ṣùgbọ́n ó pẹ́ tí wọ́n ti bèèrè ohunkóhun lọ́wọ́ mi. Wọ́n wọ súwẹ́tà bàbá mi. Atẹ́gùn ń fẹ́ aṣọ fèrèsé wọlé, ó ń fà á jáde, ìmọ́lẹ̀ tẹlifíṣọ̀n ń rọra tàn sí wọn lójú, ilé wá dà bó ṣe máa ń rí lójú ẹni tó fẹ́ sùn tí kò tíì sùn. Mo ń tòògbé. Mi ò mọ̀ bóyá lójú oorun ni mo ti rí i tí obìnrin náà gbé abọ́ sílẹ̀, tó kọjú sí fèrèsé. Ohùn ọkọ rẹ̀ pè láti ẹ̀yìn ilé, "Dálìn."

Ìyá mi dáhùn. "Mo wà níbí," ni wọ́n wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Oorun dá lójú mi. Mo pa tẹlifíṣọ̀n, mo di ọwọ́ wọn mú.

"Màámi, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé a kì í dáhùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá Bàbá lọ."

Ìyá mi ní ní gbogbo ìgbà tí bàbá mi fi pe àwọn lẹ́yìn fèrèsé, àwọn ò dá wọn lóhùn lẹ́ẹ̀kan rí, ó sì ti ń dun àwọn látọjọ́ tí a ti sin wọ́n. Wọ́n fa súwẹ́tà náà bo àyà.

"Mo ní mo wà níbí ni," ni wọ́n wí. "Mi ò sọ pé mò ń bọ̀. Lọ bu ọbẹ̀ wá."