Àádọ́rùn-ún Lára Wáyà, Ọgọ́ta Lójú Ìdè

Kò sí òmùgọ̀ tó ṣòro wò bí òmùgọ̀ tó kàwé. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, òṣìṣẹ́ ìjọba ní Agodi, ló kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ yìí. Oníṣẹ́ iná ni èmi, iṣẹ́ ọwọ́ ni mo kọ́, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ mi kì í fi í wúwo nínú agbo ilé wa ní Bẹ́yẹrúnkà.

Nígbà tí a fẹ́ pààrọ̀ wáyà tó ti ìdí mítà wọ ṣéńjófà, ìyẹn àpótí tí a fi ń yí ilé láti orí iná ìjọba sí jẹnẹrétọ̀, mo ní ká ra èyí tó nípọn. Bọ̀ọ̀dá lọ ra èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ láti Bẹẹrẹ, ó sì nàka sí nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí i lára.

"Ṣó o rí i? Àádọ́rùn-ún!"

"Bọ̀ọ̀dá, ooru tí awọ wáyà lè fara dà nìyẹn. Ẹ wo ojú ibi tí a máa dè é mọ́ nínú ṣéńjófà, ọgọ́ta ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ìwọ̀n iná tí ọgọ́ta bá gbà la gbọ́dọ̀ gbé lé wáyà; tí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ bá gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ, ojú ìdè yẹn ló máa jó. Òfin iṣẹ́ wa ni."

"Àádọ́rùn-ún àti ọgọ́ta, èwo ló pọ̀ jù?"

Ó ń bi mí bíi tíṣà, àfi bíi pé wáyà jókòó ṣèdánwò tó sì gba máàkì. Àwọn àgbà ilé rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n gbọ́rọ̀ sí ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu. Ẹni tí kò lè pààrọ̀ gílóòbù láìké sí mi! Ibi tí okùn bá ti tínrín ni í ti í já. Ẹni tó bá ti so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀ rí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n a kì í pe àgbà ní òpùrọ́ nílé wa. Mo so wáyà náà, mo sì fún bóòtù rẹ̀ le.

Wọ́n gbé fírísà méjì àti ẹ̀rọ omi lé e. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ṣéńjófà fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ara ògiri yàrá ìyàwó àbúrò bàbá wa ni a kàn án mọ́. Opó ni Ìyá yìí, fìlà ló ń fọwọ́ rán jẹun. Ọyẹ́ mú gan-an lọ́dún náà. Tó bá ṣe àlùwàlá òwúrọ̀ tán, tí omi tútù ti mú ọwọ́ rẹ̀ kú, á wá fi ìka lé àpótí náà, á máa yáná.

"Ọkọ mi, Ọlọ́run á bá mi san án fún ẹ̀gbọ́n rẹ. Kí n tó kírun tán, ọwọ́ mi á ti lè di abẹ́rẹ́ mú."

Ẹ̀rín ni mo rín. Kí n má purọ́, inú mi dùn. Ooru àpótí yẹn ni ẹ̀rí mi; mo ń retí ọjọ́ tí yóò dójú ti Bọ̀ọ̀dá.

Ọjọ́ náà dé. Igbe Ìyá la gbọ́. Ike àpótí ti yọ́, ó sì lẹ̀ mọ́ ìka mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Mo sáré pa iná nídìí mítà, a gbé e lọ sí ọsibítù.

Nígbà tí a gbé e padà délé, Bọ̀ọ̀dá ti tú àpótí, ó ti fa wáyà rẹ̀ yọ, ó sì gbé e sókè. "Ẹ wò ó! Wáyà mi ò jó o. Mo sọ bẹ́ẹ̀ àbí n ò sọ bẹ́ẹ̀?"

Lóòótọ́ ni, wáyà kò jó. Ojú ìdè ló di èédú. Mo pòṣé, mo yíjú sí Ìyá, mo sì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí àádọ́rùn-ún dé orí ọgọ́ta, kó lè mọ irú ẹni tó ń ṣàdúrà fún.

Ó gbọ́ mi tán. Ó gbé ọwọ́ tí wọ́n fi báńdéèjì wé lé itan, fìlà tí kò tíì rán tán wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ò mọ̀," ló wí. "Ìwọ tó o mọ̀, ọkọ mi, tó o ń rí mi níbẹ̀ láràárọ̀, kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

Bọ̀ọ̀dá ṣì ń fi wáyà rẹ̀ han àwọn ará ilé, ṣùgbọ́n èmi lojú ń tì.