Àpò Ọ̀rá ní Ìgándò

Wọn ò tíì pe ìrun àsùbá ní Ìsẹ́yìn tí mo ti jókòó sẹ́yìn dẹ́rẹ́bà, tí mo gbé àpò tí mo fi ọ̀rá omi hun lé itan. Bíọ́lá, ọ̀rẹ́ mi tó ń ṣe tíṣà ní Ìgándò, ló ránṣẹ́ pè mí pé kí n gbé e wá. Àdúgbò wọn máa ń ṣe àjọ̀dún nínú ọlidé gígùn, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un ní ìsọ̀ kan tí yóò ti bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ nípa ọ̀rá tí wọ́n ń dà sí gọ́tà. Ọdún kẹta rèé tó ti ń bẹ̀ wọ́n.

A gba Abẹ́òkúta dé Ìyànà Ìpájà. Nílé, ẹni tá a bá pàdé láàárọ̀ là ń kí. Lórí afárá ẹlẹ́sẹ̀ ibẹ̀, kí n tó kí ẹni mẹ́rin tán, ẹnì karùn-ún ti tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Mo ra búrẹ́dì gbígbóná tí wọ́n ki àkàrà sí láàárín; ẹ̀kọ làwa fi ń jẹ tiwa. Oníkẹ̀kẹ́ tó gbé mi ń pariwo pé, "Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì." Ó ní kí olúkúlùkù mú iye owó ọkọ̀ gan-an lọ́wọ́ ni, torí òun ò ní ìyókù tí òun máa fún ẹnikẹ́ni.

Bíọ́lá ti ń fi gbohùngbohùn sọ̀rọ̀ nígbà tí mo dé pápá tí wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún náà. Ó sọ ọ́ títí ohùn rẹ̀ fi ha. Ìwé tí a pín, ṣe ni wọ́n ń fi fẹ́ ara. Alága àdúgbò wá rọra sọ fún wa pé tó bá di ọ̀sán tí ẹnikẹ́ni ò yà, òun á fún oní-áìsìkirîmù ní ìsọ̀ náà. Omi lé sójú Bíọ́lá.

Bàbá Rájí, télọ̀ ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí pápá, ló wá gbé àpò mi yẹ̀ wò. Ó bi mí pé ọjọ́ mélòó ni mo fi hun ún. Mo ní mẹ́rin ni, sà.

Ó yíjú sí Bíọ́lá, ó ní, "Tíṣà, ẹ ń fìyà jẹ ara yín. Ẹ fọ ọ̀rá wá, kí n fi máṣínì rán an."

Ó gbé máṣínì rẹ̀ jáde síwájú ìsọ̀ wa. Ó ní ẹni tó bá ṣa ogójì ọ̀rá tó sì fọ̀ wọ́n mọ́, òun á rán àpò kan fún un. A gbé abọ́ omi ọṣẹ kalẹ̀; kò pẹ́ táwọn ìyálé ilé fi yí i ká. Nígbà tí ọ̀rá tán lórí pápá, wọ́n bọ́ sí inú gọ́tà. Oní-áìsìkirîmù náà tò sórí ìlà, alága ká ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún. Bíọ́lá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Nígbà tí òjò dé ní ìrọ̀lẹ́, omi gba inú gọ́tà lọ láìdúró, gbogbo wa sì dúró ń wò ó bí ẹni ń wòran.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni mo padà dé ilé. Ọkọ mi bi mí bóyá àwọn ará Èkó gbọ́ ọ̀rọ̀ tí a lọ bá wọn sọ.

Mo ní, "Wọn ò gbọ́ o. Ìgbà tí a dákẹ́, tí a fún wọn níṣẹ́ ṣe, ni gọ́tà mọ́."