Ẹ̀dà Tí Mi Ò Pa Rẹ́

Àárọ̀ Ọjọ́rú ni Bàbá dákẹ́ sí ọsibítù lẹ́yìn àìsàn ọlọ́jọ́ gbọọrọ. Ilé ìgbókùúsí ni mo ti ń bọ̀, takisí ń gbé mi lọ sí Bódìjà, nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ ìlú wa pè mí. Ó bá mi kẹ́dùn, ó wá béèrè bóyá mo ti gbé ìròyìn náà sórí sáìtì ẹgbẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bàbá ti ṣe alága ẹgbẹ́ náà rí, òfin ẹgbẹ́ sì ni pé bí irú wọn bá lọ, ọjọ́ náà gan-an ni ọmọ ìlú nílé lóko gbọ́dọ̀ gbọ́. Èmi ni mo ń bójú tó sáìtì ọ̀hún. Ọmọ olóòkú ni mí, èmi náà ni wọ́n tún ń rán níṣẹ́.

Mi ò ní parọ́ pé wọ́n fipá mú mi. Mo wá fọ́tò tí Bàbá ti dé fìlà dáadáa, mo kọ ọ̀rọ̀ tó dùn ún kà sábẹ́ rẹ̀, mo gbé e síta. Kò tó wákàtí kan tí àbúrò Bàbá fi pè mí láti Òkè-Àdó.

"Ta ló ní kó o gbé e síta? Ṣé ẹ̀gbọ́n rẹ tó wà ní Kánádà ti gbọ́ ni?"

Mo ní rárá.

"A kì í fi fóònù túfọ̀ òbí fún ọmọ! Òun nìkan ló wà lọ́hùn-ún, ta ló máa gbá a mú? A ti bẹ pásítọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lọ́hùn-ún, àwọn àtìyàwó wọn máa lọ jókòó tì í ní Sátidé. Tó bá pè kó tó dìgbà yẹn, Bàbá ń sùn. Yọ nǹkan yẹn kúrò!"

Mo yọ ọ́. Mo ṣí sáìtì náà wò lórí kọ̀ǹpútà mi, kò sí níbẹ̀ mọ́, ọkàn mi sì balẹ̀. Òmùgọ̀ ni mí.

Èmi fúnra mi ni mo fi sáìtì wa sábẹ́ ilé-iṣẹ́ kan tó ní kọ̀ǹpútà káàkiri ayé, torí àwọn ọmọ ìlú wa lókè òkun ń ráhùn pé ó ń falẹ̀ jù. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ò le. Obìnrin tó ń ta gàrí ní ìsọ̀ kékeré ní Agbowó, ọjà Bódìjà ló ti ń rà á wá tọ́jú, kí ará àdúgbò má baà máa wọkọ̀ lọ síbẹ̀ nítorí kóńgò kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni. Tí ẹni àkọ́kọ́ bá ti ṣí ojú ìwé wa ní ìlú kan, kọ̀ǹpútà tó wà nítòsí ibẹ̀ á tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀, ẹ̀dà yẹn ló máa fún gbogbo ẹni tó bá tún dé. Èmi ni mo ní kó máa tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tó bá fẹ́ kó pa rẹ́ kí ọ̀sẹ̀ tó pé gbọ́dọ̀ pàṣẹ lọ́tọ̀, mi ò sì pàṣẹ kankan. Torí pé èmi ni alábòójútó, kì í fún mi ní ẹ̀dà; ọ̀dọ̀ wa tààrà ni ojú ìwé tí mo wò ti wá.

Ó tún ní ẹ̀ṣọ́, torí àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ba sáìtì wa jẹ́ rí. Àlejò tó bá fura sí, á ní kó kọ́kọ́ fi hàn pé ènìyàn lòun, òun kì í ṣe ẹ̀rọ. Mo fi yangàn nípàdé, àwọn àgbà sì pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ẹ̀gbọ́n mi pè.

"Báwo ni Bàbá?"

"Wọ́n ń sùn, Àǹtí."

"Ṣé wọ́n jẹun?"

"Wọ́n mu ẹ̀kọ díẹ̀."

Àǹtí ní ó dáa. Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n tún pè.

"Gbé fóònù sí wọn létí. Kí n ṣáà gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi, Àǹtí."

"Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni."

Nígbà tí pásítọ̀ àtìyàwó wọn dé ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ Sátidé, aṣọ dúdú ni Àǹtí wọ̀ ṣílẹ̀kùn fún wọn. Lọ́jọ́ náà ni Àǹtí fi fọ́tò ojú ìwé wa ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú aago tí wọ́n rí i: ọ̀sán Ọjọ́rú, lẹ́yìn tí mo ti yọ ọ́ tipẹ́. Ẹ̀ṣọ́ mi ti ní kí wọ́n fi hàn pé ènìyàn ni wọ́n, ó wá gbé ikú Bàbá lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò náà pé, "Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pè ọ́ kó o lè sọ ọ́ fún mi fúnra rẹ."

Inú bí mi sí akọ̀wé, ó bí mi sí àbúrò Bàbá, tí wọ́n dákẹ́ bíi pé àwọn kọ́ ló ní kí n parọ́. Mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo pàṣẹ tó yẹ kí n ti pa. Bọ́tìnnì kan ṣoṣo ni. Ẹ̀dà náà pa rẹ́ ní gbogbo ayé lójú ẹsẹ̀.

Àǹtí wálé wá sìnkú. Wọ́n kí gbogbo ènìyàn, wọ́n kí èmi náà. Ọjọ́ tí wọ́n ń padà lọ, mo gbé àpótí wọn sínú mọ́tò, mo ń wá ọ̀rọ̀ tí mo máa fi bẹ̀ wọ́n. Wọ́n wò mí láti ojú fèrèsé.

"Ẹ̀kọ wo ni Bàbá mu lọ́jọ́ yẹn?"

Wọ́n ní kí awakọ̀ máa lọ.